Òfo náà wà lára ìdáhùn

Ẹ má bínú o, mi ò mọ̀wé kọ dáadáa, ọ̀rọ̀ mi sì máa ń pẹ́ jáde.

Òní ni ọkọ mi gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ìṣirò ránṣẹ́, kí wọ́n má bàa fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì. Ejò ń jẹ eku lóko kan: eku mélòó, ejò mélòó ló máa wà níbẹ̀ tí ìkankan ò ní pọ̀ sí i, tí kò ní dín? Ìdáhùn méjì ni. Ọ̀kan ni wọ́n rí.

Mo rọra ní, "Tí kò bá sí eku, tí kò sí ejò ńkọ́? Bíi ìlú àtijọ́ orí Òkè Ìdànrè tí àwọn ará ibẹ̀ ti kó kúrò, tó ṣófo. Kí ló fẹ́ pọ̀, kí ló fẹ́ dín?"

"Háà! Òdo àti òdo! Mo ti fi iye wọn pín ìṣirò náà, bí mo ṣe sọ ìdáhùn òdo nù nìyẹn!" ni ọkọ mi wí.

Wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ní, "O ṣé, tíṣà mi." Èmi tí mi ò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó, ṣé ọkọ tiyín náà máa ń gbọ́ tẹnu yín? Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọkọ mi ń pè mí, wọ́n ní kí n wá kíákíá. Ó dàbọ̀ o.