Màmá Bá Ọmọ Mi Jẹ Búrẹ́dì

Ní ọdún tí owó epo fò sókè, tí búrẹ́dì wá di oúnjẹ olówó, ni dókítà kan ní kí n máa fún ọmọ mi ní búrẹ́dì láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi tí mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé búrẹ́dì ti rìnrìn àjò, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń yà kí wa!

Ọmọ náà, obìnrin, kò dàgbà ni. Aṣọ iléèwé tí mo rán fún un ní kíláàsì kìíní ṣì fẹ̀ jù ú lọ ní kíláàsì kẹta. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru kò sì jẹ́ kó gbádùn. A ti lo oògùn aràn títí, àfi bí ẹni pé àwọn aràn ń fi ṣe ìpápánu. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́. Dókítà ní ó jọ pé àìsàn tí wọ́n ń pè ní síliákì ni, pé àlìkámà inú búrẹ́dì ló máa ń bá inú àwọn tó ní i jà. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ òótọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá jẹ búrẹ́dì dáadáa ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí nǹkan kan wí.

Ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀ bí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Oǹdó ló ti wá bá wa ní Àkúrẹ́. Màmá kì í pe ọmọ yìí lórúkọ. "Ìyá mi" ló ń pè é, torí ìgbà tí ìyá tirẹ̀ kú ni mo bí i, gbogbo ẹbí sì gbà pé ìyá àgbà ló padà wá. Bó bá fẹ́ wẹ̀ fún un, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ yẹn náà á wá dáhùn: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Ẹ ò rí ìjẹgàba!

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fún Màmá. Ó pariwo. "Háà, ìyàwó! Ohun tó ń pa ọmọ ni kí n máa fi bọ́ ọmọ? Orí mi kọ̀ ọ́!" Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Ẹni tó bá mọ ìyá ọkọ mi mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "màá ṣe é".

Mò ń ra búrẹ́dì ní Arákálé, búrẹ́dì ń tán. Ọmọ ń yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú mi ń dùn, òmùgọ̀ bíi tèmi. Màmá ló ń rù. Ikùn rẹ̀ ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, ilé ìgbẹ́ sì di yàrá rẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Ó ní ọjọ́ ogbó ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ na apá. Kó tó nà án, Màmá ti ká apá bùbá tirẹ̀ sókè.

"Tèmi ni kẹ́ ẹ fà."

"Màmá, ti ọmọ ni o."

"Ọmọ ò jẹ búrẹ́dì kankan. Iyán ló ń jẹ. Èmi ni mo bá a jẹ búrẹ́dì yẹn. Ìyá mi nìyí, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wa!"

Ilẹ̀ ò là kó gbé mi mì. Mo fẹ́ bínú, mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní àìsàn náà máa ń wà nínú ẹbí lóòótọ́, kí wọ́n kúkú fa ti Màmá. Ti ọmọ ní láti dúró, kó lọ jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, Màmá ní àìsàn náà.

Ó ní bí ìyá òun ṣe rù nìyẹn kó tó kú, inú rẹ̀ ò gba nǹkan. Gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bá ti ń ti ìrìn àjò bọ̀, búrẹ́dì ni wọ́n ń rà fún un. "Èmi ni mo máa ń rà á jù. Mo máa ń ní kó jẹ ẹ́, kó lè lágbára."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá fúnra rẹ̀ ló po tíì. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ mi, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ yìí, mi ò ní fún yín mọ́ láé."

Ọmọ wò ó, ó bu búrẹ́dì sí méjì. Ó ní, "Ọmọ mi, má sunkún mọ́. Gbà, ká jọ jẹ ẹ́."