Yẹtí Wúrà Rábì

Ọjọ́ tí a sin Rábì, ìyàwó mi, ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo kà nípa àwọn ọba Kòríà àtijọ́ tí wọ́n ń sin tòun ti adé àti yẹtí wúrà. Bí mo bá ń sọ ìtàn náà fún Rábì, a fọwọ́ kan yẹtí wúrà tó máa ń wà létí rẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín pé, "Èmi náà á gbé yẹtí tèmi lọ o, Bàbá Kúdí!"

Nígbà tí wọ́n wẹ òkú rẹ̀ tán, mo fẹ́ ki yẹtí náà bọ inú aṣọ funfun. Ààfáà di ọwọ́ mi mú, ó ní:

"Bàbá Kúdí, ẹ ṣe sùúrù. Aṣọ yìí nìkan ni Mùsùlùmí ń wọ lọ sí sàárè."

"Òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀," mo dá a lóhùn.

"Mummy kàn ń ṣeré ni, Daddy," ni Kúdí, ọmọ wa, fi ẹkún sọ.

Ṣé eré ni? Wọ́n gbé e lọ. Yẹtí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá wò ó, ihò etí rẹ̀ tó ṣófo ni mo máa ń rí.