Igbà Ọ̀pẹ Nínú Ìwé Ìròyìn

Ẹnikẹ́ni kì í tan rédíò nínú ilé mi bí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n mọ́ mi, wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, màmá ò fẹ́.” Àlejò á rò pé orí ló ń fọ́ mi. Kì í ṣe orí. Inú ló ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti ayé àwọn sójà, nígbà tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní oríta Ore, tí rédíò sì sọ ọ́ di olè.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gun ọ̀pẹ ní Ajue. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, bàbá wa sì ti kú tipẹ́. Èmi àti ìyá wa ń gbé Ore, lẹ́yìn ibùdókọ̀, a ń yan gààrí tà. Òun wà lóko pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ọ̀pẹ, igbà ni agunpẹ fi ń jẹun. Okùn líle kan ni, tí agunpẹ máa ń gbé yí ara rẹ̀ àti igi ọ̀pẹ ká, tí yóò fi ẹ̀yìn tì, tí yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ igi lọ sókè. Bí igbà bá já, òkú nìyẹn. Ìdí rèé tí agunpẹ ọ̀dọ̀ wa kì í fi igbà rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀tá ti lè fi ọ̀bẹ kàn án. Bó bá ń lọ sí ọjà, ó gbé e kọ́ èjìká. Bó bá ń lọ kí àna rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká. Ọmọ tó ń rákòrò ní Ajue mọ igbà.

Ayé le nígbà náà. Ṣúgà, ọṣẹ, mílíìkì, gbogbo rẹ̀ di ohun tí à ń tò fún lábẹ́ oòrùn. Àwọn sójà ní àwọn oníṣòwò ló ń kó ọjà pa mọ́, wọ́n wá ń dínà kiri, wọ́n ń já ilẹ̀kùn ìsọ̀, wọ́n ń fi kòbókò na obìnrin láàárín ọjà bí ẹni ń na ewúrẹ́. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, àwọn adigunjalè dá bọ́ọ̀sì kan lọ́nà lójú márosẹ̀, wọ́n pa èrò inú rẹ̀. Ọ̀gá sójà kan bọ́ sórí rédíò, ó ní kí a fọkàn balẹ̀, a ò ní pẹ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Wọ́n ti ṣèlérí òkú fún rédíò, ó ku ibi tí wọn yóò ti rí i.

Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ló wá sọ fún wa bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn sójà dínà sí ló ti ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìjọ Aládùúrà kan náà ni òun àti ìyá wa sì ń lọ. Ọ̀sán gangan ló já wọlé bá wa, kò sí gèlè lórí rẹ̀, eérú ẹ̀yinná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣubú lé ìyá wa lẹ́sẹ̀. Ó ní pikọ́ọ̀pù tó gbé ẹ̀gbọ́n mi àti epo rẹ̀ ti Ajue bọ̀ ni àwọn sójà dá dúró, wọ́n ní epo inú kẹ́ẹ̀gì yẹn, epo tí wọ́n kó pa mọ́ ni, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun lòun gun ọ̀pẹ rẹ̀, ìyàwó òun ló fún un. Sójà kan gbá a létí. Ó di kẹ́ẹ̀gì kan mú, kò fi í sílẹ̀. Sójà náà yí ìdí ìbọn, ó fi lù ú lẹ́nu, eyín rẹ̀ dà sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì bẹ́, epo ta bò ó láti orí dé àyà. Ó ń nu epo kúrò lójú, ó na ọwọ́ kejì síwájú bí afọ́jú láti wá ara pikọ́ọ̀pù dì mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn sí i láyà. Nígbà tó ṣubú, wọ́n tún yìn ín. Ọkùnrin kan tó jọ wà nínú ọkọ̀ sá, wọ́n yìn ín lẹ́yìn. Awakọ̀ wọ inú igbó lọ, a ò sì rí i ní Ore mọ́ títí dòní.

“Ọwọ́ lásán ni,” ìyá oníbọ̀ọ̀lì ń wí, ó ń gbá orí mọ́ eékún ìyá wa. “Ọma rẹ éè mú nǹkan kan dání. Epo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo sáré débẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí, wọ́n ti ju ìyókù sínú ọkọ̀ ńlá wọn. Mo di ẹsẹ̀ náà mú. Epo ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, sójà sì ta mí nípàá nínú, mo dojú bolẹ̀. Wọ́n gbé e lọ. A ò rí òkú náà gbà, a ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ikú ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu obìnrin yẹn ni mo ti gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́, rédíò ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onírun ẹ̀gbẹ́ ilé wa, àwọn ènìyàn sì pé jọ síwájú rẹ̀. Rédíò ní àwọn akọni sójà wà á kò pẹ̀lú àwọn adigunjalè ní Ore, wọ́n jọ ta ìbọn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì pa méjì nínú wọn. Rédíò ní wọ́n rí ohun ìjà gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń gbọ́ ọ yìí, àwọn ló káwọ́ lérí lọ́sàn-án. Wọ́n mọ iye ìró ìbọn tó dún. Síbẹ̀, bí ìròyìn ṣe parí, ọkùnrin kan pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí èrò lè rìn láyọ̀. Ìyá wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí mi. “Ṣé oríta mìíràn tún wà ní Ore ni?” ló bi mí.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn dé. Ẹ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń dúró ti tábìlì fẹ́ńdọ̀ ka ìwé ọ̀fẹ́, tí ẹni kan á kà, tí ogún á gbọ́. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ já wọn kọjá. Wọ́n ya ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀ bó ṣe nà gbalaja, ẹ̀wù rẹ̀ dúdú fún epo. Wọ́n to ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: igbà rẹ̀, àáké rẹ̀ àti àdá rẹ̀. Kò sí ìbọn nínú àwòrán náà. Mo wò ó, mo tún un wò. Ṣùgbọ́n ìwé ní okùn yẹn ni wọ́n fi ń de èrò ọkọ̀ mọ́ igi, àáké sì ni wọ́n fi ń la ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n pa ló wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Mo kígbe pé epo ni, pé igbà ni, ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀, ṣé ojú yín fọ́ ni? Ẹni tó ń kàwé náà gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n mú arábìnrin olè yìí kúrò lọ́rùn òun.

Àwọn tó wà nídìí tábìlì náà ò tíì jẹ́ kí n délé tán tí wọ́n fi tẹ̀ lé mi. Òkúta ló kọ́kọ́ wọlé, ó bá ìyá wa lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ wọ́ ọ jáde. Wọ́n da agbada gààrí tó wà lórí iná nù, wọ́n da kẹrosíìnì sí òrùlé. Agunpẹ wà nínú wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń gun ọ̀pẹ lóko kan náà, igbà tirẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀ bó ṣe ń ju òkúta. Mo di igbà náà mú mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ní, “Kí lèyí? Kí ni wọ́n ń pè é nílé yín?” Ìwé ìròyìn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a bí igi, bẹ́ẹ̀ kò mọ ABD. Ó ní, “Ghan ti kọ ọ́ sínú ìwé.” Mo sáré wọlé, mo mú àdá, mo sì ṣá a lápá. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Wọ́n nà mí títí mi ò fi mọ ibi tí mo wà, ilé wa sì jó mọ́lẹ̀.

Pásítọ̀ ìjọ wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi pé ó ti gbẹ̀san lára àwọn apànìyàn. Ìyá wa jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun àti ọ̀já tí a fi di ọgbẹ́ lórí. Gbogbo ìjọ ní “Àmín”. Òun náà la ẹnu, bóyá láti inú àṣà ni, bóyá kò mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ọgbẹ́ orí rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n kò gbádùn títí ó fi kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ wá wà lọ́wọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá wa fi lé mi lọ́wọ́ kí ó tó kú. Ó ní, “Má jẹ́ kí ghan pe ọma yìí ní ọma olè.”

Ìyá oníbọ̀ọ̀lì dúró tì wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń gbé oúnjẹ wá, ó ń sunkún. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé wọ́n ní ọkùnrin náà ní ìbọn o. Mo ṣe sùúrù fún un. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo wí fún ara mi. Ẹ̀gbẹ́ àwọn sójà ló kúkú ti ń tajà, rédíò wọn sì ń pariwo létí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní bí sójà bá lọ, òótọ́ á jáde.

Sójà lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà lọ́wọ́ mi, ó kàwé, ó sì mú ọkọ wá. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìdílé ọkọ kì í dédé fẹ́ ìyàwó, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí: ṣé kò sí olè níbẹ̀, ṣé kò sí wèrè. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Ní ti àwọn wọ̀nyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ tẹ orúkọ ìdílé wa àti Ore sórí fóònù, ohun tó sì kọ́kọ́ yọ sókè ni àwòrán yẹn, pẹ̀lú epo, pẹ̀lú igbà. Ẹnì kan ti lọ gbé ìwé ìròyìn ògbólógbòó náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn dà á kọ, wọ́n fi kún un, títí ẹ̀gbọ́n mi fi di olórí ẹgbẹ́ adigunjalè. Wọ́n gbé fóònù náà sí mi níwájú nínú yàrá àlejò mi. Ọmọ náà rí bàbá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Mi ò bínú lọ́jọ́ yẹn, ó yà mí lẹ́nu. Mo ní, “Ẹ fi fóònù sílẹ̀. Fóònù ò sí níbẹ̀. Ẹni tó fojú rí i ṣì wà láyé.” Èmi fúnra mi ni mo júwe ilé ìyá oníbọ̀ọ̀lì fún wọn.

Wọ́n lọ. Wọ́n padà wá, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́.

Mo bọ́ sọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ náà tẹ̀ lé mi kí n má bàa lu arúgbó pa. Ìyá náà jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ti hunjọ, ṣùgbọ́n ó dá mi mọ̀, ó sì pè mí ní orúkọ tí ìyá mi ń pè mí. Mo fà á ní ọrùn bùbá. Mo ní kí ni ẹ sọ fún wọn? Kò bẹ̀rù. Ó sọ ọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún wọn: pé ìbọn náà gùn, pé ó dúdú, pé ọwọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi fi mú un, pé okùn tó fi ń de ènìyàn wà ní èjìká rẹ̀, pé òun rí i tó kọ́kọ́ yìn ín. Bó ṣe ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ìyá mi. Mo wo ojú náà títí, mò ń wá irọ́ níbẹ̀, mi ò rí i.

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a. Kò yẹ orí.

“Ọma mi,” ló wí, “ṣé wo fẹ́ kí n purọ́ ni?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló di ọwọ́ mi mú, tó sì mú un wálẹ̀. Ó bẹ ìyá náà pé kí wọ́n má bínú. Láti ọjọ́ yẹn, kò bi mí ní ohunkóhun nípa bàbá rẹ̀ mọ́.