Omi Nídìí Agbada Gàrí

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá rí ṣákálá. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, ọwọ́ mi ò sì mọ́ ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ṣe tó ń dùn mọ́ mi nínú, ojú sì ń tì mí láti máa fi ẹnu sọ ọ́ kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́.

Gàrí ni à ń yan ní Àgbọ̀wà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ni abẹ́ àtíbàbà náà, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn kan ń bẹ ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń fọ̀ ọ́, àwọn kan ń kù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti agbada lórí iná, tó ń fi awẹ́ igbá yí gàrí, òun ni ọ̀gá, torí ọwọ́ rẹ̀ ni gàrí yóò ti dára tàbí kó jóná. Àwa mẹ́ta là ń yan án, èmi ni mo kéré jù. Ọjọ́ tí Màmá fún mi ní agbada tèmi, ńṣe ni mo ń rẹ́rìn-ín fúnra mi lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìgbáròkó.

Òfin kan wà nídìí agbada: ẹni tó ń yan gàrí kì í mu omi. Kì í ṣe èèwọ̀ òrìṣà o. Ẹni tó bá mu omi yóò tọ̀, ẹni tó bá lọ tọ̀ yóò fi gàrí sílẹ̀, iná ò sì ní dúró dè é. Nítorí náà, láti àárọ̀ tí a bá ti dáná títí di ìrọ̀lẹ́, omi kì í kan ọ̀fun wa. Bí inú bá ń ta wá, a ó bu gàrí gbígbóná nínú agbada, a ó fi àgbọn jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ títí ìró mi ò fẹ́ yí mi ká mọ́, síbẹ̀ ebi ò kúrò lára mi. Orí sì ń fọ́ mi lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ mi. Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lé agbada. Màmá ló fà mí sẹ́yìn, gàrí ọjọ́ náà sì jóná. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, wàá padà sídìí ẹ̀gẹ́ bíbẹ. Mi ò ní jẹ́ kí iná gba ọmọ àbúrò mi." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú. Nọ́ọ̀sì bi mí bí ìtọ̀ mi ṣe ń rí. Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi kí n dáhùn.

"Ó dà bíi tíì tí wọn ò da mílíìkì sí, mà."

Nọ́ọ̀sì mirí. "Òǹgbẹ ló ń pè ọ́, ìwọ ń fi oúnjẹ dá a lóhùn. Máa mu omi díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀. Bó bá ṣe ọ́ bíi pé ebi ń pa ọ́, kọ́kọ́ mu omi, kí o sinmi díẹ̀. Bó bá jẹ́ ebi tòótọ́ ni, kò ní lọ. Nígbà náà, jẹun."

Omi mímu ò le. Dídìde ló le. Bí mo bá fẹ́ dìde, mo gbọ́dọ̀ bẹ ẹnìkan kó bá mi yí gàrí, bẹ́ẹ̀ èmi rèé tí ọkọ̀ ti gbé kọjá ibùdókọ̀ Benson tí mo ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ rí torí pé ojú ń tì mí láti pariwo "Ó wà o!" kí awakọ̀ dúró.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi dé. Mo mú un mọ́ra títí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n.

"Kí ló dé tí ò ń jó lórí ìjókòó?" ìyá tó ń yan tiẹ̀ lápá ọ̀tún mi bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yí gàrí mi. Mo fẹ́ lọ tọ̀."

"Hẹ̀n? Mi ò gbọ́ o."

Mo tún un sọ, ó sì jáde sókè ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá gbọ́! Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ti lanu, ìtọ̀ ló fi ṣí i!"

"Ìyàwó ẹja, tètè máa lọ, má tọ̀ sí gàrí wa!"

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá náà ti wà nínú agbada mi. Nígbà tí mo dé, gàrí mi ò jóná. Mo dúpẹ́, mo ní bí àwọn náà bá fẹ́ lọ, màá bá wọn yí tiwọn. Ìyá náà pòṣé: "Èmi? Ta ló ní mo mu omi?" Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì mi láìwo ojú mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, tá a sì ń bá ara wa di agbada mú. Bí gàrí bá wọ̀ mí lójú, màá mu omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ti tó. Mo ń jẹun lásìkò oúnjẹ, ó sì ń tó mi. Ìró mi tún ń yí mi ká. Orí fífọ́ lọ.

Nígbà tó yá, nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, oníbàárà kan wá láti Ẹ̀pẹ́, ó fẹ́ gàrí tó pọ̀ kó tó lọ. A yan án títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Màmá jókòó sí ọ̀kánkán mi, ó ń wò mí. Òòyì ò kọ́ mi. Nígbà tá a parí, ó bu gàrí mi, ó rún un lẹ́nu wò.

"Láti kékeré ni mo ti ń yan gàrí," ó sọ ọ́ létí gbogbo wọn, "mi ò mọ̀ pé èèyàn lè mu omi kí gàrí má jóná. Agbada yẹn, tìẹ ni. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ."

"Àfi ìtọ̀ nìkan ló lè gbé e dìde ńbẹ̀!" ìyá apá ọ̀tún mi fèsì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tẹ orí ba, kí wọ́n má baà rí i pé èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo fọ ìkòkò amọ̀ ńlá kan, mo pọn omi kún un láti ibi kànga, mo gbé e sáàárín agbada mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbi tí ọwọ́ gbogbo wa á ti tó o láìdìde. Mo fi ìdérí dé e, mo sì gbé ife lé e lórí. Lẹ́yìn náà, mo jókòó ti agbada mi, mo sì dáná.