Ihò Abẹ́rẹ́ Lára Ìpékeré

Ìpékeré ni mò ń ṣe tà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòsì. Mile 12 ni mo ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi náà ni mo ń dín in. Ohun tó kọ́kọ́ ń dà mí láàmú ni pé kì í pẹ́ tó fi ń rọ̀. Ẹnìkan tó kàwé nípa oúnjẹ ló là mí lóye pé afẹ́fẹ́ inú lailọ́ọ̀nù ló ń bà á jẹ́, pé kí n máa fi gáàsì tí wọ́n ń pè ní náítírójìn lé afẹ́fẹ́ náà jáde kí n tó lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Mo ra ẹ̀rọ, mo gbé sílíńdà wálé. Lóòótọ́, lẹ́yìn oṣù méjì, ìpékeré mi ṣì ń dún lẹ́nu.

Àfi bí Mummy kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Mágódò ṣe pè mí lọ́jọ́ kan. Ohùn wọn le.

"Ìpékeré yín ti rọ̀ bí aṣọ tó bọ́ sómi. Àwọn èèyàn ń dá a padà. Ẹ wá kó o."

Páálí mẹ́ta ni mo kó. Ọkùnrin tó ń bá mi rọ gáàsì ni mo fura sí. Mo gbé díẹ̀ lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà Owódé, mo sì sọ̀rọ̀ sí i lójú gbogbo ayé. Mo ní afẹ́fẹ́ lásán ló rọ fún mi. Mo ní olè ni.

Kò bá mi jà. Ó bu omi sínú abọ́, ó ki lailọ́ọ̀nù kan bọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Omi ń hó wótowòto lójú ibì kan ṣoṣo.

"Aunty, ẹ wò ó. Ihò abẹ́rẹ́ nìyí."

Ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, àti òmíràn. Ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ni ihò wà lára gbogbo wọn. Eku kọ́ ló ń lu irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi nìkan ló ń bá mi kó ìpékeré sí páálí. Ṣàngíṣà ni wọ́n ti máa ń wá. Mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ wọn.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tú gáàsì inú ẹ̀ ni. Ṣé o fẹ́ kó bú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ni? Tó bá sì ti rọlẹ̀, páálí kan á gba púpọ̀ sí i."

"Látìgbà wo lẹ ti ń ṣe é?"

"Látọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé gáàsì lo ń fi sí i."

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pariwo mọ́? Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe gáàsì ìdáná, pé kì í gbaná, pé òun gan-an ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú.

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn.

"Tó bá wà nínú afẹ́fẹ́, kí lo wá ń lọ rà á sí?"

Mo tún àlàyé ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sú mi, mo di lailọ́ọ̀nù méjì níwájú wọn, mo ní kí wọ́n gún ọ̀kan, kí wọ́n kó méjèèjì lọ sílé, kí wọ́n tọ́ wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onígáàsì. Ó ní kò sí nǹkan, pé wọ́n ti pe òun ní olè lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tún wá dùn mí ju kó bú mi lọ. Mo dín òmíràn fún Mummy Mágódò, mo fọwọ́ ara mi kó o sí páálí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo bi Màámi léèrè.

"Méjèèjì dùn," ni wọ́n wí. "Èyí tó rọ̀ yẹn gan-an ló bá eyín mi mu."

Ṣùgbọ́n wọn ò gún un mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń bá mi bó báyìí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mummy Mágódò tún pè. Wọ́n ní ìpékeré náà ti dára, ó ń dún lẹ́nu, àmọ́ àwọn èèyàn ní afẹ́fẹ́ inú lailọ́ọ̀nù ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣé mi ò lè dín in kù díẹ̀ ni?

Mo ní mo ti gbọ́, Mà.