Sóyì Sọ́ọ̀sì Tí A Tọ́ Wò Ní Ìkòtún

Òórùn ṣúgà tó jóná ló gba gbogbo ilé wa ní Ìgàndò láàárọ̀ Sátidé yẹn. Àǹtí Ṣẹrífá, ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè ní Ẹ̀gbẹ́dá, ló da sóyì sọ́ọ̀sì, omi dúdú tí àwọn ará Ṣáínà fi ń se oúnjẹ, sínú ìrẹsì, ìrẹsì sì dúdú kirikiri. Bàbá wa, tó jẹ́ mẹkáníìkì, wo abọ́ rẹ̀ títí.

"Ta ló da ọ́ìlì mọ́tò sí èyí?"

Ó ní bí Àǹtí bá tún se irú ẹ̀ lọ́la fún Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n òun tó ń bọ̀ wá kí wa, iṣẹ́ télọ̀ ni yóò lọ kọ́.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹnu kì í purọ́ fún ọ̀fun." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn tó bá ń rán wa lọ́jà. "Ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, jàre."

La bá gba ọjà Ìkòtún lọ. Obìnrin kan tó ń ta èròjà ọbẹ̀ ní àwọn ìgò tó ti ṣí, tó ń bù tà fún àwọn alásè. Ó ń kán an sí wa látẹ́lẹwọ́, à ń lá a. Ti àkọ́kọ́, iyọ̀ lásán; mo fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ jẹ. Ìkejì dùn bíi ṣúgà, àṣé irú èyí tó wà nílé nìyẹn. Nígbà tá a fi dé ìkẹta, ahọ́n wa ti dúdú, à ń yọ ọ́ síra wa, ẹ̀rín sì fẹ́ gbé wa ṣubú.

"Ẹ wá rajà ni, àbí ẹ wá jẹun?" obìnrin náà bi wá, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ìkẹrin ni mo lá tí mo tún nawọ́. Iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, adùn rẹ̀ ń dé lẹ́yìn bíi ti omi ẹran. Àǹtí gbọn ìgò rẹ̀. Ó hó bí ọṣẹ, híhó náà ò sì tètè rọlẹ̀. Ó ní ohun tí ọ̀gá òun ní kí òun máa wò nìyẹn. Lábẹ́lì rẹ̀ ló burẹ́wà jù nínú gbogbo wọn. Òun la rà.

Lọ́jọ́ kejì, síbí méjì péré ni Àǹtí fi sí ìrẹsì. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ ẹ́, ó lá ètè.

"Ọwọ́ ta lẹ ti ra irú tẹ́ ẹ fi sè é?" Ìyá béèrè.

"Kì í ṣe irú, mà. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n rẹ títí ó fi kan," Àǹtí fèsì.

"Ọmọ ìyá irú náà ni. Bù sí i fún mi."

Bàbá kàn rọra ti abọ́ tirẹ̀ náà síwájú kí wọ́n bù sí i. Èmi àti Àǹtí sá lọ sẹ́yìnkùlé, a di mọ́ra wa, a ń jó láìsí orin.

Iṣẹ́ oúnjẹ yẹn ni Àǹtí ń ṣe títí dòní. Èmi náà ti ní ilé ìdáná tèmi ní Ayọ̀bọ̀, mo sì ti mọ̀ pé ẹ̀wà sóyà, àlìkámà, omi àti iyọ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ rí lára ìgò. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ìgbà yẹn láyà ju èmi òní lọ. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ta ni mo fẹ́ ní kó ṣí ìgò fún mi? Màá kàwé ara rẹ̀ tán, màá sanwó, màá sì máa gbàdúrà kó dùn títí màá fi délé.