Ẹ̀kọ́ Tó Bọ́ Sí Ọjọ́ Ọjà

Mo ṣì rántí bí kíláàsì mi ṣe dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àgbádárìgì. Atẹ́gùn òkun ń ti fèrèsé, àga sì ṣófo lọ títí. Èmi ọmọ Èkìtì tí mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ni ìmọ̀ parí sí, mo kà á sí ọ̀lẹ. Mo kọ́ ìwọ̀nba ọmọ tó wá bí a ṣe ń pín odidi nǹkan sí ìdajì àti ìdámẹ́rin, mo sì bú àwọn yòókù nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ilé ìwé wa, ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Ègùn, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, má bínú sí wọn. Ọjọ́ ọjà Agbalata ni àná. Ta ni kó bá ìyá wọn ru àgbọn?"

Ọjọ́ ọjà kì í dúró sójú kan. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, ọjọ́ mìíràn ni yóò bọ́ sí tó bá tún pé. Sikíìmù tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí a ó kọ́ ọmọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò mọ ọjà rárá. Ẹ̀kọ́ tó bá bọ́ sọ́jọ́ náà ti sọnù nìyẹn. Mo bá jókòó, mo tún un tò: a kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun lọ́jọ́ ọjà, àtúnyẹ̀wò la ó fi ọjọ́ náà ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọdún tó parí, àwọn ọmọ tó máa ń wò mí bí ẹni wo àlejò ti ń du ìbéèrè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan láti Gbaji, ọmọ alágbọn, dìde lọ́jọ́ kan, ó sì pín àgbọn ìyá rẹ̀ fún gbogbo wa lójú pátákó láìṣì í. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Mo wá fẹ́ kí gbogbo ilé ìwé etíkun máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Lọ di ọ̀gá ná."

Mo lọ. Mo tún ìwé kà, mo ṣe ìdánwò ìgbéga, mo fi kíláàsì sílẹ̀, mo fi ọmọ mi sọ́dọ̀ ìyá mi ní Èkìtì. Ọjọ́ orí ti ń lọ kí n tó jókòó lórí àga tí mo ń wá, ti olórí ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo agbègbè wa. Kíá ni mo gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà síwájú àwọn tó ga jù mí lọ. Wọ́n yìn mí.

"Ó dára gan-an, mà," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ṣùgbọ́n ìdánwò kan náà ni gbogbo ọmọ máa ṣe. Ojú ewé kan náà ni kí wọ́n wà."

Iṣẹ́ tí wọ́n wá fún mi ni kí n máa lọ káàkiri, kí n rí i pé tíṣà kankan kò yà kúrò lójú ewé náà. Mo bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọwọ́ mi ti tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n kèrègbè ni mo bá níbẹ̀, ọwọ́ àgbàlagbà kì í sì í wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ ọjà kan, ìrìn náà gbé mi dé ilé ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kékeré kan ń bẹ̀rẹ̀ ìdajì àti ìdámẹ́rin láàárín àga òfìfo. Ó wò mí.

"Mà, ṣé kí n dá a dúró dọ̀la?"

"Máa bá a lọ," ni mo wí. Kí ni mo tún lè sọ?

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Aradagun ni mò ń gbé. Mo máa ń ronú pé ká ní mo dúró sí kíláàsì yẹn ni, ó kéré tán, ilé ìwé kan ì bá ṣì mọ ọjọ́ ọjà. Láìpẹ́ yìí mo lọ sí Agbalata, mo bá ọmọbìnrin Gbaji ọjọ́sí nídìí àtẹ àgbọn, òun àti ọmọ tirẹ̀. Mo bi ọmọ náà bóyá wọ́n ti kọ́ wọn ní ìdajì àti ìdámẹ́rin nílé ìwé. Ègùn ló fi dáhùn, ìyá rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, òun wà lọ́jà, mà."

Mo ra àgbọn. Ọmọ náà bá mi rù ú dé ojú títì, ní wákàtí tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà pé yóò kàwé dókè. Ó ṣe àmín, ó sì sáré padà sídìí àtẹ.